Oògùn Òòyì

Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Ìsẹ́yìn.
Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀,
oòrùn kàn án látàrí, eṣinṣin bà á létè,
kò yẹsẹ̀, kò wo ẹyẹ tó ń kọjá,
títí wọ́n fi ka owó aṣọ lé e lọ́wọ́, kọ́bọ̀ kan ò dín.
Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ rèé, lórí àga onítìmùtìmù,
n ò lè ka ojú ìwé kan tán.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí, ní Ìsọ̀nà, ní Iléṣà.
Bí mo bá mú bírò pé kí n kọ owó Ìyá Abíọ́nà,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé—
àkùkọ kan kọ lẹ́yìnkùlé. Ta ló ni àkùkọ yẹn?
Páànù ilé iwájú ti ń dípẹtà.
Ṣé mo pa sítóòfù kí n tó jáde?
Kí n tó padà dé, owó Ìyá Abíọ́nà
ti bọ́ sórí ìlà ẹlòmíì.

Tíṣà mi ní kíláàsì kẹta ní àìbìkítà ni.
Ìyá mi ní ọkàn mi kò nídìí tó lè fi jókòó.
Dókítà kan lórí rédíò ló pè é lórúkọ mìíràn,
ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ṣàlàyé lọ
ni mo ti ń ronú rédíò ọ̀hún: níbo ni mo ti rà á ná?

Òòyì ọkọ̀ ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré.
Lọ́dún tó kọjá, tí mò ń lọ Àkúrẹ́,
mo gbé hóró kan mì, funfun, róbótó, kíkorò.
Ká tó dé Ìgbàrá-Òkè, nǹkan kan jókòó nínú orí mi.
Mo ka lẹ́tà àbúrò mi láti "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n"
dé ibi tó fọwọ́ sí i,
lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ènìyàn.

Mo wá rò ó pé:
bóyá orí mi ló ti wà nínú ọkọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi,
ara jókòó ní Iléṣà, orí ń sáré yí kọ́nà òkè,
kò sẹ́ni tó bá a tẹ bíréèkì.

Mo lọ bá Bọ̀dá Fásuyì ní kẹ́mísì Òkèsà.
"Níbo là ń lọ?" Mo ní Ìbàdàn.
Ọ̀sẹ̀ kejì, "Níbo?" Mo ní Kàbà.
Ọ̀sẹ̀ kẹta mo ní Sókótó,
mo sì padà sídìí ìwé owó.

Kí n má purọ́: ọjọ́ kìíní dára.
Àkùkọ kọ, mo jẹ́ kó kọ.
Orúkọ mọ́kànlélógójì, n ò fagi lé ọ̀kan.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Ọjọ́ kejì, ọ̀fun mi gbẹ bí ewé kòkó nínú ọyẹ́.
Ọjọ́ kẹrin, oorun gbé mi lọ, kò gbowó ọkọ̀.
Alága ẹgbẹ́ rọra fa ìwé yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi,
ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu itọ́ mi kúrò lórí owó àwọn ènìyàn.
Kò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Títí dòní n ò mọ̀
bóyá ọkàn mi ló fìdí mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìíní yẹn,
àbí oorun ló ń bọ̀ tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ síwájú.

Bọ̀dá Fásuyì tẹjú mọ́ mi:
"Ẹni tó lọ Sókótó lọ́jọ́ Ajé,
tí mo rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń ra ẹ̀kọ,
irú ọkọ̀ wo lẹ wọ̀?"
Mo jẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n lọ rí dókítà ní Wẹ́sílì,
kí n sọ ọ́ fún wọn gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí,
ó sì kọ ọjọ́ sẹ́yìn páálí oògùn kí n má baà gbàgbé.
Ọjọ́rú ni. Tàbí Ọjọ́bọ̀. Páálí wà nílé.

Hóró kan kù nínú àpò mi.
Mo wọkọ̀ Ìpetu ní Sátidé, n ò gbé e mì.
Mo bì lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀rá.
Láàárín méjèèjì mo rí ọmọ tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan,
kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
òkè kan tó lóṣòó bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Mo wò ó, mo wò ó, ojú mi ò yẹ̀.
A ti kọjá Ìpetu
kí n tó rántí pé ibẹ̀ ni mò ń lọ.